Ẹ̀rọ Tó Gbọ́ Igbe Ọpọlọ Mi ní Gíláásígò

Ẹ̀yin ará Ìlódè, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá yìnyín funfun bí òwú, bóyá àwọn òyìnbó ń wẹ̀ lójoojúmọ́, àti bóyá lóòótọ́ ni ajá ń bá wọn sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Yìnyín funfun. Wọ́n ń wẹ̀. Ajá sì ń sùn níbi tó bá wù ú. Ó tán. Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi lọ gan-an, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Lágere pé orí mi ló dàrú tí wọ́n fi lọ fi wáyà dè mí lórí nílùú òyìnbó. Ti wáyà, òótọ́ ni. Ti orí tó dàrú, irọ́ ni.

Èmi Jòsáyà, tí ẹ ń pè ní Tíṣà, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìpetumodù kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún kẹta tí mo jókòó sílé ni òkúta jókòó sínú àpò òróòro mi. Bí mo bá ti jẹ ẹ̀wà tí epo rin dáadáa, màá ká kò sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Gbogbo dókítà tó rí mi ló ní iṣẹ́ abẹ ni. Gbogbo wọn ni mo sì sá fún.

Iyán tí mo gbọ́

Ohun tó fà á nìyí. Ní ogún ọdún sẹ́yìn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi nílé ìwòsàn aládàáni kan, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, mo sùn. Lẹ́yìn náà ni etí mi là. Apá mi kò gbé, ẹsẹ̀ mi kò gbé, ìpéǹpéjú mi wúwo bí ilẹ̀kùn irin, ṣùgbọ́n etí mi là kedere. Dókítà méjì wà lórí mi, wọ́n ń jiyàn lórí iyán. Ọ̀kan ní kò sí iyán tó dà bíi ti Ẹdúnàbọ̀n, lẹ́bàá títì Ìbàdàn. Èkejì ní irọ́ ni, ti Ìpetumodù ló jù. Èmi tí mo ti jẹ iyán ìlú méjèèjì mọ ẹni tó jàre, n kò sì lè la ẹnu.

Ìgbà náà ni ọ̀bẹ wọlé.

N kò ní jẹ́ kó gùn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa okùn gbígbóná jáde nínú ikùn mi. Mo pariwo. Mo pariwo débi pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ mi ní Modákẹ́kẹ́. Ẹyọ ohùn kan kò jáde.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo sọ fún wọn. Ọ̀gá dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, àlá lẹ lá." Mo ní, "Èwo nínú yín ló ní iyán Ẹdúnàbọ̀n ló dùn jù?" Ẹnì kejì rẹ̀ wo ilẹ̀, ó jáde. Ìyá Bọ́lá ìyàwó mi ní oògùn ló ṣì ń yí mi lórí. Mo lọ bá pásítọ̀ wa, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iyán nìkan ni pásítọ̀ gbọ́.

"Iyán kẹ̀!" ó ní. "Tíṣà, ẹ ti jẹun lójú oorun!"

"N kò jẹ ẹ́, sà. Mo gbọ́ ọ ni."

"Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Bí mo ṣe fi egbò tí kò tíì jinná gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, mo sì pinnu pé ọ̀bẹ kankan kò ní kàn mí mọ́ àfi èyí tí mo bá fi bẹ iṣu.

Ṣùgbọ́n Bọ́lá ọmọ wa jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Gíláásígò, ní ilẹ̀ Sikọ́tíláńdì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láago, wọ́n dìmọ̀ pọ̀. Wọ́n ní kí n wá kí ọmọ mi lásán. Mo mọ̀ pé kì í ṣe lásán. Mo lọ ṣá.

Ìlú tí wọ́n ti ń fi "áì" gbà

Òjò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ kó dá, bíi tiwa. Òjò kan ni tó kàn rọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Awakọ̀ táksí tó gbé wa sọ̀rọ̀ fún odindi ogún ìṣẹ́jú. Mo ń mi orí. Nígbà tí a sọ̀, mo bi Bọ́lá pé, "Èdè wo ni ọkùnrin yẹn ń sọ?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni, Bàbá."

"Gẹ̀ẹ́sì ibo?"

Ẹ ro ó wò, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí Gẹ̀ẹ́sì! Ohun gbogbo níbẹ̀ ló ní "wí" níwájú: wọ́n á fún ọ ní wí tíì, wọ́n á ní kí o jókòó wí díẹ̀. Mo ń dúró kí ẹnì kan wí ohun tó fẹ́ wí, títí Bọ́lá fi ṣàlàyé pé "kékeré" ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni "áì". Tí wọ́n bá gbà pẹ̀lú rẹ, "áì" ni wọ́n ń wí. Ní tiwa, tí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "àì", àìsàn ni, tàbí àìríná, tàbí àìríṣẹ́. Mo bi ọkùnrin kan bóyá ọ̀nà ọjà nìyí, ó ní, "Áì." Mo bá yí padà sílé.

Ìwà wọn kò ṣeé so pọ̀. Láàárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, bí ọmọlúàbí. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin aládùúgbò kan rọra kan ilẹ̀kùn Bọ́lá, ó bi í bóyá bàbá náà sọnù ni. Bẹ́ẹ̀, ní ibùdókọ̀, ìyá arúgbó kan tí kò bi mí lórúkọ sọ ìtàn orúnkún rẹ̀ méjèèjì fún mi, tọ̀tún tòsì, ó sì pè mí ní "ọmọ mi". Obìnrin tó ṣeé ṣe kí n fi ọdún méjì jù lọ! Mo rò ó bóyá kí n dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ ló tutù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń mu ọ̀gì kan tó ki bí ọṣẹ, oúnjẹ ẹṣin ni wọ́n fi ń sè é, iyọ̀ sì ni wọ́n ń bù sí i. Bọ́lá ní ó dára fún òróòro. Bó bá ti kọjú sí kẹ́tùlù, màá ṣí fèrèsé, màá dà á fún àwọn ẹyẹ òkun tó ń bà sórí òrùlé ìsàlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹyẹ tó ń dúró dè mí ti tó ogún. Ṣùgbọ́n wọ́n ní oúnjẹ kan tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀, ọkàn àti fùkù àgùntàn ṣe, tí wọ́n gún, tí wọ́n dì sínú àpòlùkú rẹ̀. Bọ́lá ti ń tọrọ àforíjì kó tó gbé e kalẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá àwo. Ẹni tó mọ inú ẹran jẹ kì í ṣe àjèjì sí mi. Ata nìkan ni wọ́n gbàgbé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni òkúta náà dìde sí mi, lẹ́yìn oúnjẹ yìí gan-an. Ọkọ̀ aláìsàn ló gbé mi dé ilé ìwòsàn.

Jóò

Nọ́ọ̀sì tó gbà mí kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ka Jòsáyà lórí ìwé, ó gé e kúrú lójú ẹsẹ̀. "Jóò," ó ní. "Jóò, Jóò."

Létí mi, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Kí lo fẹ́, ọmọ mi? Má bẹ̀ mí mọ́." Ó ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wí kékeré. Mo fún un. Ta ni yóò kọ̀ fún ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ tó báyẹn?

Wọ́n ní àpò òróòro náà ti wú, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Bọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní n kò ṣe. Ó sunkún. Mo ní kó sunkún dáadáa, n kò ṣe. Nígbà náà ni obìnrin gíga kan tí irun rẹ̀ pupa bí epo tuntun wọlé, ó fa àga, ó jókòó kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi dọ́gba. Dókítà Mọ́rísìn ló ń jẹ́; òun ni yóò mú mi sùn. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó yẹn, èmi fúnra mi ni mo ń bá a fi "ẹ" sí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ọmọ yín ní ẹ kò fẹ́," ó ní. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín?"

Kò bi mí pé kí ló dé tí mo ń ṣagídí. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, ìpá, okùn gbígbóná, igbe tí kò jáde. Mo fo iyán. Ó ní, "Kí lẹ gbọ́ tí wọ́n ń sọ?" Mo bá fi iyán sí i. Mo ń retí ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Oògùn mẹ́ta la máa ń lò," ó ní. "Ọ̀kan fún oorun. Ọ̀kan fún ìrora. Ẹ̀kẹta ń dẹ iṣan kí ara má baà mira lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí ẹ̀kẹta bá mú, tí méjì yòókù kò tó, ènìyàn á sùn sílẹ̀ bí igi, á máa gbọ́, á sì máa jẹ̀rora. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí yín."

Ogún ọdún ni mo ti ń retí gbólóhùn kékeré yẹn. Omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún un pé atẹ́gùn ni. Fèrèsé kankan kò ṣí nínú yàrá náà.

Bọ́lá nu omijé ojú rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

Dókítà wá ní òun ní ẹ̀rọ kan. Ó ní iná kékeré kan wà nínú ọpọlọ ènìyàn, pé ẹ̀rọ náà ń fi ìlà ya bó ṣe ń jó, àti pé àwọn ń wò ó bóyá ó lè jẹ́ kí àwọn mọ̀ bí oògùn ìrora ṣe tó lára ẹni tó ń sùn, tí kò lè sọ̀rọ̀. "A kò tíì mọ̀ ọ́n tán," ó ní. "Ẹ lè kọ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé ó ń rí ohun tí ènìyàn ń rò?"

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ọkùnrin tó ti lo ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta láyé tí yóò fẹ́ kí wọ́n tẹ inú orí rẹ̀ jáde sórí bébà, kí ọmọ rẹ̀ sì wà lórí ìdúró. Ọ̀rọ̀ ọ̀gì àti àwọn ẹyẹ yẹn ṣì wà nínú orí mi nígbà náà.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ bóyá ẹ ń gbàdúrà ni tàbí ẹ ń ronú nípa oúnjẹ àárọ̀."

Mo fọwọ́ sí ìwé.

Orí tó wúlò

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orí mi tó pá ṣe àpárá ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí fìlà mi nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, ńṣe ni Dókítà Mọ́rísìn pàtẹ́wọ́. Ó ní irun ni ọ̀tá wáyà, pé ó ti pẹ́ tí òun ti rí orí tó mọ́ tó báyìí. Ó pe ọmọ ẹ̀kọ́ òun méjì láti wá wò ó. Wọ́n fi nǹkan kan ha iwájú orí mi díẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń lẹ sítáǹbù. Ó yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi. Ìlà wẹẹrẹ wẹẹrẹ ń sáré lọ bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí iyanrìn tútù.

"Ẹ̀yin nìyẹn," ó ní.

Mo ṣẹ́jú, adìẹ fò. Mo pa ojú dé. Adìẹ rọra ń rìn. Mo ní, "Tó bá di pé mò ń sùn, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí sáré ńkọ́?"

"Màá wo ìṣàn ẹ̀jẹ̀ yín, màá wo bí ọkàn yín ṣe ń lù, màá fún yín ní oògùn ìrora kún un. Tí kò bá tó, màá ní kí oníṣẹ́ abẹ gbé ọwọ́ kúrò."

"Ṣé yóò gbé e?"

Ọkùnrin sanra kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti fi aṣọ bo ẹnu. Òun ni oníṣẹ́ abẹ. Ó wò mí, ó ní, "Áì." Mo ti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Bí n kò bá tíì mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì náà, tèmi ti wáyà mi.

Nígbà tí mo lajú, yàrá mìíràn ni mo wà, ọ̀fun mi gbẹ. Mo yẹ inú orí mi wò bí obìnrin ṣe ń yẹ inú báàgì wò. Mo wá ọ̀rọ̀ kan, ìró kan, ìjiyàn kan. Kò sí nǹkankan. Mo tún wá a lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ó há sí kọ̀rọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́: ó dùn mí díẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kejì, Dókítà Mọ́rísìn mú bébà gígùn kan wá, ó tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ mi. Ó fi gègé nàka sí ibì kan tí ìlà náà ń lọ gbọ̀ọ̀rọ̀, bí ẹni ń wa ọkọ̀ lórí omi tó dákẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni oorun mi ti wọra. Ó sún gègé síwájú. Lójijì ni ìlà náà fọ́n ká.

"Ibí ni ọ̀bẹ ti kọ́kọ́ kàn yín," ó ní. "Ẹ kò mira. Ojú yín kò yí padà. Ká ní ojú yín nìkan ni mo ń wò ni, ǹ bá ní kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọkàn yín sáré díẹ̀, ìlà yìí náà sì yí padà. Mo fún yín ní oògùn ìrora sí i. Ẹ wò ó." Ìlà náà tún balẹ̀.

"Ṣé mo mọ̀ ni?"

"Rárá, ẹ ń sùn. N kò tilẹ̀ lè búra pé ìrora ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bá mi jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ohun kan nínú yín pè mí, mo sì dáhùn."

Bọ́lá ló bú sẹ́kún lọ́tẹ̀ yìí. "Bàbá," ó ní, "nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́jọ́ tí ẹ sọ ìtàn yẹn nílé, èmi àti Mọ́mì rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ jáde." N kò mọ ohun tí wọ́n ń wí fún ọmọ ní irú àkókò yẹn. Mo na búrẹ́dì tí wọ́n gbé fún mi sí i. Ó jẹ ẹ́ tomijé tomijé. Mo wá fi àǹfààní náà jẹ́wọ́ ti ọ̀gì. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ti fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilé

Mo bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún mi ní ẹ̀dà bébà náà. Nígbà tí mo dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kún fún àlejò, bébà náà sì lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Pásítọ̀ gbé e lódìkejì, ó ní ó jọ òkè Ìdànrè. Ìyá Bọ́lá ló wò ó pẹ́ jù. Mo fi ìka hàn án: ibí ni mo ti sùn, ibí ni ọ̀bẹ, ibí ni mo ti ké. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo àlejò, ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ má bínú." Mo ní kó dìde, pé bí kò bá tètè dìde, wọn yóò ní mo mú ìyàwó kejì bọ̀.

Gbogbo ènìyàn lọ tán, ó ku Ìyá Rísí, aránṣọ tó wà lódìkejì títì wa. Ó ṣì mú bébà náà dání.

"Tíṣà," ó ní, "èmi náà gbọ́."

Abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí Rísí, ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, níbi tó jìnnà sí Ifẹ̀. "Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ní obìnrin ni," ó ní. "Mo gbọ́ ọ̀bẹ, mo gbọ́ ẹkún ọmọ mi, n kò lè yí ojú sí i. Nígbà tí wọ́n wá gbé e fún mi, wọ́n ní, 'Ìyá, ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀!' Mo ṣe bí ẹni tí kò tíì gbọ́. N kò sọ ọ́ fún ẹnì kan rí." Ó wá sọ pé ìju, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, ti wà nínú òun láti èṣí, ó ń tóbi, wọ́n ní kí òun wá ṣiṣẹ́ abẹ, òun sì ń parọ́ fún wọn pé òun ń wá àyè.

N kò bi í pé ṣé kì í ṣe àlá. Mo ní, "Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ."

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyàwó mi mú un lọ sí ilé ìwòsàn, a béèrè ẹni tó ń mú ènìyàn sùn. Dókítà Fọlárìn ni wọ́n pè, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín kan. Mo tẹ́ bébà mi sórí tábìlì rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí ebi ń pa tó rí oúnjẹ lẹ́yìn gíláàsì. "A kò ní irú ẹ̀rọ yìí, sà," ó ní. Inú Ìyá Rísí bàjẹ́, ó ti ń dìde. Dókítà yára kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi, mà," ó ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ó sọ ọ́. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò já a lẹ́nu. Nígbà tó parí, ó ní, "N kò ní wáyà tí màá lẹ̀ mọ́ yín lórí. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá mú ẹni tó ń sùn, omi máa ń sun lójú rẹ̀, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sáré. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, nítorí náà màá tètè fún yín ní oògùn ìrora, kì í ṣe ìgbà tó bá pẹ́. Orí yín ni màá jókòó tì. Ọwọ́ mi kò ní kúrò ní ọrùn ọwọ́ yín, n kò sì ní jáde fún ohunkóhun."

Ìyá Rísí wò mí. Mo wo Ìyá Bọ́lá. Ìyá Bọ́lá ló dáhùn: "Ó máa ṣe é."

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, a jókòó síta láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹni tó dúró síta náà ń jẹ̀rora tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń ka tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, Dókítà Fọlárìn ṣì wà níbi orí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti rin fún òógùn bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n là. Ìyá Rísí la ojú díẹ̀díẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó wo àjà. A tẹ̀ síwájú láti gbọ́ ohun tí yóò sọ. Ojú rẹ̀ le bí ti aránṣọ tí wọ́n jí sísọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n máa kà," ó ní. "Mo ka ení. Mo ka èjì. Mo ka ẹ̀ta. Ta ló gbé ẹ̀rin mi?"

Dókítà Fọlárìn gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni, mà," ó ní. "Ẹ forí jì mí."